Àáró Ìwé Láàárín Afọ́jú àti Olójú ní Japan

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí mò ń ṣe ní Japan, níbi tí mo ti ń gbé láti bí ọdún mọ́kànlá: sísọ ìwé títẹ̀ di èyí tí afọ́jú lè kà tàbí gbọ́. Àṣìṣe kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín, nítorí òun gan-an ló kọ́ mi níṣẹ́.

Àkàrà òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kasutera. Àwọn ará Portugal ló gbé e dé ìhà Nagasaki láyé àtijọ́. Ẹyin, ìyẹ̀fun àti ṣúgà ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì máa ń rọ̀ bí òwú. Nínú ìwé ìtàn àtijọ́ kan tí mo ṣe síkáànù rẹ̀, wọ́n gbé kasutera síwájú àlejò. Mo yẹ ojú ewé yẹn wò lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí àléébù kan níbẹ̀, la bá fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ kà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá kan, tí ojú wọn ti fọ́ láti kékeré, fi tẹ̀ wá láago. Wọ́n ní àwọn jẹ kasutera dàgbà, ṣùgbọ́n kí ló ń jẹ́ "chikara-sutera"?

Chikara, agbára nìyẹn lédè wọn. Ẹ wo lẹ́tà méjì yìí: カ, 力. Ẹ tún un wò dáadáa. Èkíní jẹ́ "ka", lẹ́tà ìró lásán. Èkejì jẹ́ odidi ọ̀rọ̀, "agbára". Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì níwájú "sutera" á pè é ní kasutera, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ojú ti rí ohun tó ń retí, ó sì ti kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè fún afọ́jú kì í retí nǹkan kan. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ fún un ló máa pè. Èmi tí ojú mi dá ṣáṣá wo ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tí kò ríran ló wá fi àṣìṣe tó wà níbẹ̀ hàn mí.

Àwọn ẹ̀dá lẹ́tà báyìí pọ̀. ロ ni "ro", 口 ni "ẹnu". ニ ni "ni", 二 ni "èjì". タ ni "ta", 夕 ni "ìrọ̀lẹ́". エ ni "e", 工 sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán ojú ewé di lẹ́tà, ó ń méfò ni, pàápàá bí ìwé náà bá ti gbó tí tádàwà rẹ̀ ti ṣá. Nígbà tó bá sì ṣì í mú, kò ní kọ́ ọ lẹ́nu bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìdáhùn. Pẹ̀lú ìgboyà ni yóò gbé irọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ. Ọjọ́ Sátidé méjì lóṣù ni a máa ń pàdé nínú yàrá kan lókè ilé ìkàwé ìlú wa. Àwọn ìyá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú wa. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú, èmi nìkan náà ni mo máa ń gbé ata gígún dání wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Bí ìwé bá jẹ́ èyí tí a lè tún rà, ọ̀bẹ la máa ń fi gé ẹ̀yìn rẹ̀, kí ewé rẹ̀ lè tú, kí ẹ̀rọ lè máa gbé e mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi lọ́bẹ, ọwọ́ mi gbọ̀n. Ilé tí mo ti dàgbà, bí ìwé bá já bọ́ sílẹ̀, bàbá mi á ní kí n gbé e kí n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tó jókòó tì mí rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ mi.

Ìwé tó ti darúgbó kò ṣeé gé. Orí gíláàsì la máa ń dà á bò, a ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà ya. Níbi tí ewé méjì ti pàdé, òjìji máa ń dúdú, á sì gbé odidi ìlà kan mì. Òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìwé níbẹ̀, láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì, nítorí náà bí òjìji bá mú ìlà kan, gbólóhùn odidi ló mú lọ. Ẹ wá fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kún un, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà ńlá láti fi bí a ṣe ń pè é hàn. Ẹ̀rọ máa ń da wọ́n pọ̀ mọ́ ìlà gan-an, bí òkúta wẹ́wẹ́ inú ìrẹsì. Ṣíṣà ni a máa ń ṣà wọ́n.

Lẹ́tà wẹ́wẹ́ yìí yẹ kí n dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni ìyè afọ́jú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kanji, àwọn lẹ́tà tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ àwọn ará China, kì í sọ ìró ara rẹ̀. 辛い lè jẹ́ "karai", ìyẹn ni pé nǹkan ta bí ata. Ó tún lè jẹ́ "tsurai", ìyẹn ni pé nǹkan nira, ó ń dun ọkàn. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. 行った lè jẹ́ "itta", ó lọ, tàbí "okonatta", ó ṣe é. Olójú a máa fi òye gbé e. Ẹ̀rọ á mú ọ̀kan, bóyá èyí tó tọ́, bóyá èyí tí yóò sọ ẹni tó ń sunkún nínú ìtàn di ẹni tí ata ń ta.

Ti Braille, ìwé alámì tó yọ sókè tí afọ́jú ń fi ìka kà, tún wá le jù bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Ishikawa Kuraji, tó ń kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú àti odi ní Tokyo, ló mú àmì mẹ́fà Louis Braille bá èdè Japan mu, ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1890 ni wọ́n sì gbà á wọlé. Ọgbọ́n tó lò dára púpọ̀: àmì mẹ́ta apá òkè lọ́wọ́ òsì ló fi gbé fáwẹ̀lì, àmì mẹ́ta tó kù ló fi gbé kọ́ńsónáǹtì. Àmì kan ṣoṣo ni "a". Bí ẹ bá fi àmì kan kún un ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ó di "ka". Ṣùgbọ́n ìró nìkan ni Braille yìí ń kọ. Nítorí náà ẹni tó bá ń sọ ìwé di Braille kò lè fẹ́gbẹ́ sá: karai ni àbí tsurai? Ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Ìwé Japan kì í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, Braille wọn sì gbọ́dọ̀ ní àlàfo, nítorí náà òun náà ni yóò pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé àtijọ́, wọ́n á kọ "tefutefu", wọ́n á ní kí o pè é ní "chōchō", labalábá. Mo ti rí àwọn ìyá wa tí wọ́n jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè mẹ́rin fún odidi ọ̀sán nítorí orúkọ abúlé kan ṣoṣo.

Ìwé àtijọ́ tí a ń sọ yìí, ibo ló ti ń wá? Ọ̀nà kan wà tí gbogbo ayé lè gbà wọ̀ ọ́. Ní 1997, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tomita Michio àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ilé ìkówèésí kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pè é ní Aozora Bunko, Aozora ni ojú sánmà tó mọ́ kedere. Ìwé tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti kúrò lórí rẹ̀ ni wọ́n ń kó síbẹ̀: Natsume Soseki tó kú ní 1916, Akutagawa tó kú ní 1927, Miyazawa Kenji tó kú ní 1933, Dazai Osamu tó kú ní 1948. Lónìí, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ti lé ní 17,000. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ṣe é: ẹnìkan á tẹ̀ ẹ́ tàbí kó ṣe síkáànù rẹ̀, ẹlòmíràn á sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́tà sí lẹ́tà. Ní ìsàlẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ irú ẹ̀dà tí wọ́n wò, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, inú àmì bí 《 》 ni wọ́n ń fi wọ́n sí, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé ìró ọ̀rọ̀ nìyí. Àmì kékeré yìí ń ran ẹ̀rọ akàwé lọ́wọ́ ju bí olójú ṣe lè rò lọ. Faili rẹ̀ kò sì ní ọ̀ṣọ́ kankan, lẹ́tà pọ́ńbélé ni. Ẹni tó ríran lè sọ pé kò wu ojú. Fún ẹ̀rọ akàwé, kò sí ohun tó dára jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ òfin wà níbẹ̀ tí kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Tẹ́lẹ̀, bí òǹkọ̀wé bá ti kú fún 50 ọdún, ìwé rẹ̀ di ti gbogbo ayé. Gbogbo ọjọ́ 1 oṣù kìíní ni Aozora máa ń gbé òǹkọ̀wé tuntun jáde, ó sì máa ń dà bí ọjọ́ ọdún. Tomita jà fitafita kí ìjọba má baà fi ọdún kún un. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ẹni ọdún 61. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 2018, òfin sọ ọ́ di 70 ọdún, nítorí àdéhùn òwò pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè míì. Mishima Yukio tó kú ní 1970 ì bá ti wọlé ní 2021. Ó di 2041. Àwọn òǹkọ̀wé tó kú ní 1967 ló wọlé gbẹ̀yìn, ilẹ̀kùn sì tì títí di 2039. Èmi yóò ti di arúgbó nígbà náà.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣi yín lọ́nà o. Ti afọ́jú yàtọ̀. Òfin Japan fàyè gba kí a sọ ìwé tó ṣì ní olówó di Braille tàbí ohùn fún àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀. Àdéhùn Marrakesh, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013, sì jẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè gba ibodè kọjá láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2017, Japan ní 2018. Bẹ́ẹ̀ ni, a ṣáájú wọn. Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún ara wa fún ìyẹn nìkan, nítorí ìwé tí a ti fi àǹfààní yẹn ṣe, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀.

Ó yá, mo ti dé ibi tí mò ń lọ. Bí mo bá sọ iṣẹ́ yìí fún àwọn èèyàn wa, "Àánú yín pọ̀ o, Ọlọ́run á san án fún yín" ni wọ́n máa ń sọ. Mo máa ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, àáró ni mo ń pè é. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣe àgbẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà: o bá mi kọ ebè lónìí, mo bá ọ kọ tìrẹ lọ́la. Àwọn olójú Japan ti jẹ afọ́jú ní gbèsè iṣẹ́ láti bí 800 ọdún.

Ní 1185, ìdílé Heike parun nínú ogun ojú omi ní Dan-no-ura. Ta ló gbé ìtàn yẹn káàkiri? Àwọn afọ́jú ni. Àwọn ọkùnrin tó fá orí bí àlùfáà, tí wọ́n gbé ohun èlò olókùn kan tí wọ́n ń pè ní biwa kọ́rùn, tí wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, bí arọ́kin tí kò ní ààfin. Láti inú orí ni wọ́n ti ń fa ìtàn náà yọ. Ìlà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ohùn agogo ni: agogo ilé òrìṣà Gion tí ń dún pé kò sí nǹkan kan tó ń dúró láéláé. Mo kà á fún ọdún mélòó kan kí n tó fura pé ìwé tí àwọn afọ́jú gbé dé ọ̀dọ̀ wa kò fi ìran bẹ̀rẹ̀, ohùn ló fi ṣí ẹnu. Ọ̀gá wọn kan tó ń jẹ́ Kakuichi ni ẹ̀dà tí gbogbo ayé ń kà lónìí ti ẹnu rẹ̀ wá. Ní 1371, ó rí i pé ikú ti dé tòsí, ó bá pe ìtàn náà fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Afọ́jú ń pè, olójú ń kọ. Ọdún yẹn náà ló kú.

Ẹ wá gbọ́ ti Hanawa Hokiichi. Wọ́n bí i ní 1746 lábúlé kan ní ibi tí wọ́n ń pè ní Saitama báyìí. Ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré. Ó lọ sí Edo, ìyẹn Tokyo òní, wọ́n kọ́ ọ ní ara fífọwọ́rà àti gìtá wọn, kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ìwé ló ń wù ú. Àwọn èèyàn ń kà á sí i létí, ó ń há a sórí. Ó rí i pé àwọn ìwé ilẹ̀ Japan ń sọnù, iná ń jó wọn, ìdin ń jẹ wọ́n, ló bá pinnu láti kó wọn jọ, kó sì tẹ̀ wọ́n. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ṣe é. 1819 ni ó parí. Pátákó tí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà sí, tí wọ́n fi tẹ ìwé náà, lé ní 17,000. Wọ́n ṣì wà ní Shibuya, ní Tokyo, wọ́n tò wọ́n sórí pẹpẹ. Helen Keller, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn, lọ síbẹ̀ ní 1937, ó sì fọwọ́ kan ère Hanawa. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ ìtàn ọkùnrin náà fún un. Èmi náà lọ. Òórùn igi gbígbẹ àti tádàwà ló kún ibẹ̀. Àwọn ará Japan máa ń sọ ọ́ pé lálẹ́ ọjọ́ kan tí Hanawa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, atẹ́gùn pa fìtílà. Kò mọ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, iná ti kú." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wàhálà olójú mà pọ̀ o.

Nítorí náà, bí olójú Japan bá fi òní Sátidé jókòó ti ẹ̀rọ síkáànù, kí ni kò jẹ́ gbèsè?

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń san án, díẹ̀díẹ̀. Ní 1940, Honma Kazuo, tí ojú tirẹ̀ fọ́ lọ́mọ ọdún márùn-ún, fi ìwé Braille bí 700 dá ilé ìkàwé afọ́jú sílẹ̀ ní Tokyo. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń fi irin ṣóńṣó gún ìwé lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀tún sí òsì, nítorí òdìkejì ìwé ni ìka máa kà. Bí o bá ṣì í gún, o tún ojú ewé náà bẹ̀rẹ̀. Ogun dé, wọ́n kó àwọn ìwé lọ sí ìgbèríko. Ní 1945 bọ́ǹbù jó ilé náà, àwọn ìwé kò jó. Ilé ìkàwé náà wà ní Takadanobaba dòní olónìí.

Ẹnìkan bi mí léèrè lórí fóònù lánàá, nígbà tó gbọ́ pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí, pé ṣé èdè Yorùbá náà ní irú wàhálà báyìí. Ó ní in! Ẹ ya ojú ewé ìwé Yorùbá kan, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ọ́ di lẹ́tà. Àmì abẹ́ ẹ̀ àti ṣ á fò lọ, àmì ohùn á di ìdọ̀tí. Obìnrin tó bá kọ ọ́ pé ọkọ̀ òun bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ á kéde pé ọkọ rẹ̀ ló bàjẹ́. Olójú á fi òye gbé e, á rẹ́rìn-ín, á kọjá. Afọ́jú ò ní ibi tó máa kọjá gbà. Àwa tí a máa ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, tí a ní "yóò yé wọn", ẹ jọ̀ọ́, ta ni "wọn" yẹn?

Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn ẹ̀rọ tuntun ti gbọ́n, pé láìpẹ́ a ò ní níṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti gbọ́n lóòótọ́. Àṣìṣe tí ẹ̀rọ òní ń ṣe kéré sí ti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń kọ ìrànù, o sì máa mọ̀ pé ìrànù ni. Ti tuntun ń kọ ọ̀rọ̀ tó dán, tó bá gírámà mu, tí òǹkọ̀wé kò kọ rárá. Iṣẹ́ ìyẹ̀wò wá le sí i.

Bàbá tó pè wá nítorí kasutera, mo lọ kí wọn nílé wọn lẹ́yìn náà. Mo gbé kasutera dání, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé, wọn kò rí i, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀ dún, wọ́n bi mí pé ṣé mo ṣubú ni. Wọ́n mú ìwé kan jáde, àwọn àròkọ Miyagi Michio, afọ́jú tó ń ta ohun èlò koto, tó kú ní 1956. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn láti Aozora, àwọn sì ti rí ibi mẹ́ta tí olùyẹ̀wò kò rí. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ lè wá bá wa ṣe é?"

Láti ọdún tó kọjá ni a ti jọ ń jókòó. Bí wọ́n ṣe ń yẹ Braille wò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn: olójú á di ìwé títẹ̀ mú, á máa kà á sókè, afọ́jú á máa fi ìka tẹ̀ lé e lórí ẹ̀dà tirẹ̀. Èmi a máa ka ti èmi pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀bú mi tí kò fẹ́ kúrò nínú èdè ẹlòmíràn, wọ́n a sì máa tún mi ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gorí òkè níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀. Bí nǹkan bá wọ́, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì sókè. Ní Sátidé tó kọjá, ojú ewé 41, ìka wọn dúró. "Tún ìlà yẹn kà." Mo tún un kà. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an?" Mo gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, mo gbé e sábẹ́ iná, mo bọ́ gíláàsì mi, mo tún un dé.

Bàbá ti rí i tipẹ́. Wọ́n ń dúró dè mí.